Rótìmí Williams: agbẹjọ́rò àgbà ìjọba tó tún wọ́ ìjọba lọ sí kóòtù

Bí ọdún ìdìbò bá pé, àwọn ará Ẹgbẹ́dá máa ń tò sórí ìlà gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìdímù, Ìkòtún àti Akówọnjọ ṣe ń tò. Wọ́n ń dìbò fún gómìnà, wọ́n ń dìbò fún aṣòfin, wọ́n sì ń dìbò fún alága ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí ìjọba bá rántí pé ó yẹ kí ìdìbò náà wáyé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Alímòṣọ́ ti wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní Ẹgbẹ́dá ní ìwé ìdìbò tí orúkọ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ipò náà kì í ṣe ipò yẹpẹrẹ. Agbẹjọ́rò àgbà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́, ló ń pe ènìyàn lẹ́jọ́ lórúkọ ìpínlẹ̀. Òun ló lè gba ẹjọ́ tí ẹlòmíràn ti pè ṣe, òun náà ló sì lè dìde nílé ẹjọ́ kó ní kí ẹjọ́ tó ń lọ lọ́wọ́ dúró síbẹ̀, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn máa lọ sílé rẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ bá ìjọba àpapọ̀ ṣẹjọ́, orúkọ oyè rẹ̀ ni yóò wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́. Gómìnà ló ń yàn án, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ń fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó bá gba ilé ìjọba ti gba agbẹjọ́rò àgbà mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ wa ti lọ wo àwòṣe ìjọba tó ń lò yìí, ìpínlẹ̀ mẹ́tàlélógójì nínú àádọ́ta ló jẹ́ pé ará ìlú ló ń dìbò yan agbẹjọ́rò àgbà wọn. Gómìnà lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, kí agbẹjọ́rò àgbà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kejì, kí àwọn méjèèjì sì jọ máa ṣọ́ ara wọn.

Bí ó ṣe jẹ́ pé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ìtàn ọkùnrin kan wà nídìí rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga yìí, agbára ìjọba tún yí padà wá ká òun náà mọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í ṣe alága àwọn tó kọ ìwé òfin. Orúkọ rẹ̀ ni Olóyè Frederick Rótìmí Aládé Williams, ẹni tí àwọn amòfin àti àwọn oníwèé ìròyìn sọ ní Timi the Law.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1920 ni wọ́n bí i. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, amòfin sì ni bàbá rẹ̀, Thomas Èkúndayọ̀ Williams. Ilé ìwé CMS Grammar School l'Ékòó ló lọ, kó tó kọjá sí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti kàwé ní Selwyn College nígbà tí ogun Hitler ń jà lọ́wọ́. Ní ọdún 1943 ni wọ́n pè é sí iṣẹ́ amòfin, ó sì padà sílé. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà.

Ọmọkùnrin náà kò fi iṣẹ́ òfin mọ sí kóòtù nìkan. Ó wọ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement, ó sì di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílé ní ọdún 1948, ó wà lára àwọn amòfin tí ẹgbẹ́ náà gbójú lé. Ọdún 1948 yìí kan náà ni òun, Bọ̀dé Thomas àti Rẹ̀mí Fánì-Káyọ̀dé kó ara wọn jọ, tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ amòfin Thomas, Williams and Kayode sílẹ̀. Kí àwọn mẹ́ta yìí tó ṣe bẹ́ẹ̀, onílé-ń-gbélé ni iṣẹ́ amòfin láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Kálukú ló ń dá ṣe tirẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàwé nílùú òyìnbó, wọ́n gbóná, wọ́n sì fẹ́ràn òṣèlú. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group, jáde ní ọdún 1951 lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, inú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n wà, Williams sì di olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ náà lórí ọ̀rọ̀ òfin.

Kò pẹ́ tí ikú fi mú Bọ̀dé Thomas lọ, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1953. Fánì-Káyọ̀dé ní tirẹ̀ fi Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sílẹ̀ nígbà tó yá, ó lọ bá NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ, ó sì di olórí alátakò nílé aṣòfin Ìbàdàn. Williams nìkan ló kù sọ́dọ̀ Awólọ́wọ̀ nínú àwọn mẹ́ta tó jọ kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn kan. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1957, Ìwọ̀-Oòrùn gba ìṣàkóso ara rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. Williams ni Awólọ́wọ̀ fi ṣe mínísítà fún ètò ìdájọ́ àti agbẹjọ́rò àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan yìí ti jẹ́ tuntun tó, kí ó wo Àríwá, níbi tó jẹ́ pé òyìnbó ṣì ni agbẹjọ́rò àgbà títí Nàìjíríà fi gba òmìnira. Ní Ìbàdàn, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni, ó ń jókòó níbi tí àwọn mínísítà ti ń pinnu ohun tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe, òun náà ni yóò sì padà lọ sọ bóyá òfin gbà á.

Ẹgbẹ́dá wà lábẹ́ ìjọba yìí. Èyí máa ń ya àwọn ọmọ ìsinsìnyí lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé Èkó ni Ẹgbẹ́dá ti wà láti ìpìlẹ̀. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti yọ ìlú Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n fi í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n Ìkẹjà, Agége àti gbogbo abúlé àwọn Àwórì tó lọ títí dé Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún, Ìbàdàn ni wọ́n ń wò. Ilé aṣòfin Ìbàdàn ló ń ṣe òfin fún wọn, agbẹjọ́rò àgbà Ìbàdàn ló sì lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí Williams ṣe lórí àga náà kì í ṣe kékeré. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gbó, tí wọ́n ń lò bí ẹní wọ ẹ̀wù àlòkù, ni wọ́n tú palẹ̀ nígbà tirẹ̀, tí wọ́n sì tún kọ gẹ́gẹ́ bí òfin Ìwọ̀-Oòrùn. Lára wọn ni òfin ọdún 1959 lórí títà àti ríra ilẹ̀ àti ilé. Nítorí náà, fún ọdún díẹ̀, ẹni tó bá ra ilẹ̀ sí Ẹgbẹ́dá ń lo òfin tí àwọn ọmọ Yorùbá tún kọ, nígbà tí ẹni tó ra ilé sí Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì ń lo òfin àwọn òyìnbó láti ayé ọbabìnrin Victoria. Ní òpin àwọn ọdún 1950 náà ni wọ́n fi oyè amòfin ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lọ́lá, ó sì wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gba irú oyè bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òwú ní í fi ìdí òwú hàn. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí kan náà, àwọn alátakò ń ráhùn pé ìjọba ẹgbẹ́ kan ló ń yan àwọn adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀, pé òun náà ló ń tú ìgbìmọ̀ ìlú tí kò bá ṣe tirẹ̀ ká. Kì í ṣe Williams ló dá àṣà náà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kàn án lórí rẹ̀. Síbẹ̀, òun ni amòfin ìjọba tí gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn Ọlọ́pẹ kò rí i bí ohun tó burú nígbà náà, torí pé ọwọ́ wọn ni ọ̀pá àṣẹ wà.

Ọ̀pá náà yí padà ní ọdún 1962. Williams kò sí lórí àga agbẹjọ́rò àgbà mọ́ nígbà náà; ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn amòfin Nàìjíríà. Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá tó gba ipò olórí ìjọba lẹ́yìn rẹ̀ ti fọ́ ẹgbẹ́ sí méjì. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, yọ Akíntọ́lá nípò nítorí pé àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù ti kọ̀wé pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́, ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbẹ́nrò rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nígbà tí ilé aṣòfin jókòó láti fi ìbò ti Adégbẹ́nrò lẹ́yìn, àga fò, ọ̀pá àṣẹ ilé fọ́, ọlọ́pàá sì da tajútajú sí wọn lójú. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì rán mínísítà fún ètò ìlera, Dókítà Moses Májẹ́kọ̀dúnmi, láti wá máa ṣàkóso.

Májẹ́kọ̀dúnmi fọwọ́ sí ìwé pé kí àwọn olórí òṣèlú má ṣe kúrò níbi tí òun bá ní kí wọ́n wà. Wọ́n kọ orúkọ Williams náà sí i. Ó wá di pé ẹni tó ti jẹ́ ojú àti ẹnu òfin fún Ìwọ̀-Oòrùn kò lè rìn gbẹ̀fẹ́ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, láìjẹ́ pé kóòtù kankan dá a lẹ́bi ohunkóhun.

Kò bínú sọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ó gba ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ, ó sì pe Májẹ́kọ̀dúnmi lẹ́jọ́. Àwọn adájọ́ kò gbà pé ìjọba pàjáwìrì fún alákòóso láṣẹ láti ká ẹni tó bá wù ú mọ́. Wọ́n ní ó yẹ kí ìjọba fi hàn pé ohun tí òun ṣe sí ẹni náà bá ohun tí wàhálà ìlú béèrè mu, ìjọba kò sì lè fi èyí hàn nípa Williams. Bí wọ́n ṣe fagi lé àṣẹ náà nìyí. Títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ka ẹjọ́ Williams àti Májẹ́kọ̀dúnmi, torí ó wà lára àwọn ẹjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira tí ẹnì kan fi ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn inú ìwé òfin borí ìjọba.

Ṣùgbọ́n kóòtù dá ẹnì kan sílẹ̀ ni. Kò dá ìjọba padà fún ẹni tó ni ín. Ní oṣù Keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé Ọọ̀ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ Akíntọ́lá láìjẹ́ pé wọ́n dìbò nínú ilé. Nígbà tí ìjọba pàjáwìrì parí, wọ́n dá Akíntọ́lá padà sórí àga ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1963, láìsí ìdìbò kankan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ àgbà ní London ní Ọọ̀ni jàre, Adégbẹ́nrò sì jàre. Kí ni àwọn ará Ìbàdàn ṣe? Wọ́n yí ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn padà, wọ́n sì ní kí àyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, kí ìdájọ́ London lè di òfo. Fánì-Káyọ̀dé, alábàáṣiṣẹ́pọ̀ Williams àtijọ́, ni igbá-kejì Akíntọ́lá nínú ìjọba tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn amòfin ló kún inú ìjà náà láti òkè délẹ̀, kò sì sí èyí tí kò rí òfin tí yóò fi gbe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdìbò ọdún 1965 àti wẹ́ẹ̀tì ẹ tó tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 1966, ṣọ́jà gbàjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá.

Lábẹ́ ṣọ́jà, Williams kò dẹ́kun. Nígbà tí ìjọba ológun Ìwọ̀-Oòrùn gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá àwọn kan tí wọ́n ti ṣe ìjọba rí, ó gba ẹjọ́ Lákànmí rò sí agbẹjọ́rò àgbà Ìwọ̀-Oòrùn, ìyẹn sí àga tí òun fúnra rẹ̀ jókòó lé rí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, lábẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, dá a láre, wọ́n ní ìjọba ológun kò lè fi òfin ṣe iṣẹ́ adájọ́. Ayọ̀ náà kò dálẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin ológun tuntun jáde tó sọ pé ìdájọ́ náà kò já mọ́ nǹkan.

Ní ọdún 1975, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè Amòfin Àgbà Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní SAN, jẹ ènìyàn, òun àti Nabo Graham-Douglas ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Ọdún náà ni Múrítàlá Mùhámmédì pe àádọ́ta ènìyàn jọ láti kọ ìwé òfin tuntun fún ìjọba alágbádá tó ń bọ̀. Awólọ́wọ̀ kọ̀ láti bá wọn jókòó, ló fi di mọ́kàndínláàádọ́ta. Williams ni alága wọn.

Nínú ìgbìmọ̀ yìí ni ilẹ̀ wa ti kọ ìjọba irú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ìjà ọdún 1962 wà lójú wọn kedere: olórí ìjọba tí aṣòfin lè fi ìwé yọ, gómìnà tí kò mọ ibi tí agbára òun mọ. Wọ́n mú ti Amẹ́ríkà: ààrẹ kan, gómìnà kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ará ìlú ló ń yàn wọ́n, aṣòfin kò sì lè ṣàdéédéé dà wọ́n nù. Wọ́n kó ohun púpọ̀ wá láti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò àgbà tí ará ìlú ń dìbò yàn kò sí lára ẹrù tí wọ́n kó. Ìwé òfin ọdún 1979 sọ pé agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ jẹ́ kọmíṣánnà, pé gómìnà ni yóò yàn án, pé ó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ òfin. Wọ́n fún un ní agbára láti pe ẹjọ́, láti gba ẹjọ́ ṣe, àti láti dá ẹjọ́ dúró. Wọ́n ní kí ó máa ro ire ará ìlú àti ìdájọ́ òdodo mọ́ ọn. Wọn kò sọ ẹni tí yóò bi í léèrè bí kò bá rò ó.

Kì í ṣe Williams nìkan ló ṣe ìpinnu yìí. Ìgbìmọ̀ ni, àwọn aṣojú ìlú tún gbé iṣẹ́ wọn yẹ̀ wò, àwọn ṣọ́jà sì tún fi ọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà pé ohun tí ojú alága náà ti rí kò sí níbẹ̀. Nínú ìrírí tirẹ̀, agbẹjọ́rò àgbà kò lè jìnnà sí ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ fún. Kóòtù ló gbà á sílẹ̀ ní 1962, kì í ṣe agbẹjọ́rò àgbà kankan. Kóòtù ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ibi tó fi ìgbẹ́kẹ̀lé sí yìí ni ìṣòro wà. Ní ọdún 1983, nínú ẹjọ́ ìjọba àti Ìlọ́rí tó wá láti Èkó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé bí agbẹjọ́rò àgbà bá ti ní kí ẹjọ́ dúró, adájọ́ kò lè bi í léèrè ìdí rẹ̀. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó ṣàlàyé pé ohun tí agbẹjọ́rò àgbà ní láti bẹ̀rù kò ju ohun tí ará ìlú yóò sọ lọ, àti ọwọ́ ẹni tó yàn án, tó sì lè yọ ọ́. Ní kúkúrú, gómìnà.

Ìwé òfin ọdún 1999 gbé gbogbo rẹ̀ bí ó ti wà. Williams ti di àgbàlagbà nígbà náà, sìgbọ̀nlẹ̀ ọkùnrin tí àwọn adájọ́ ń fetí sí bó bá dìde. Ó kó àwọn àgbààgbà jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní The Patriots, wọ́n sì ń béèrè pé kí wọ́n pe ìpàdé gbogbo ẹ̀yà, kí a tún ìwé òfin kọ. Ohun tó ń bí i nínú jù ni pé ìwé náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ará ìlú ló kọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé ṣọ́jà ló fi òfin ológun gbé e kalẹ̀.

Nígbà tó ń sọ èyí, ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò àgbà tún kan Ẹgbẹ́dá gbọ̀ngbọ̀n. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2003, Èkó nìkan ló kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ AD ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. PDP ti gba ìpínlẹ̀ márùn-ún yòókù, òun ló sì wà l'Ábújá. Gómìnà Bọ́lá Tinúbú sọ ìjọba ìbílẹ̀ ogún di mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Alímòṣọ́ nìkan ni wọ́n pín sí mẹ́fà: Alímòṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádo-Òkè Odò, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìgándò-Ìkòtún àti Mọṣàn-Òkúnọlá. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní kò bófin mu, ó sì dá owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní oṣù Kẹrin ọdún 2004. Agbẹjọ́rò àgbà Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, gbé agbẹjọ́rò àgbà àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn adájọ́ sọ pé ààrẹ kò láṣẹ láti di owó náà mú, ṣùgbọ́n pé àwọn ìjọba tuntun náà kò tí ì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Níhìn-ín, agbẹjọ́rò àgbà tí ẹgbẹ́ yàn ló jà fún owó tí wọ́n fi ń tún ojú ọ̀nà àti ọjà Alímòṣọ́ ṣe. Bó bá jẹ́ ọmọ PDP ló wà níbẹ̀ nípa ìdìbò, bóyá kì bá tilẹ̀ pe ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá ń fẹ́ kí a máa dìbò fún ipò yìí ní láti dáhùn èyí pẹ̀lú.

Ìdájọ́ jáde, owó kò jáde. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, Ọbásanjọ́ ṣí ìpàdé àpérò lórí àtúnṣe òṣèlú l'Ábújá, kì í ṣe irú èyí tí ẹgbẹ́ Williams béèrè. Ìpàdé náà ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Olóyè Rótìmí Williams kú ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2005, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Àwọn ará Alímòṣọ́, tí ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé wọ́n jẹ́ 1,277,714, tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn sì pọ̀ lérò jù lọ l'Ékòó, ṣì ń retí owó náà. Ìgbà tí Ọbásanjọ́ kúrò lórí oyè ní ọdún 2007, tí Umaru Yar'Adua dé, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.